Sonde Kọ́ Ló Ń Tan Iná Ẹ́ńjìnnì Yín, Bàbá

Tíṣà ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìntì ní Kétu ló kọ̀wé sí mi. Ọkọ̀ rẹ̀ ń lo pẹtiróòlù, ẹ́ńjìnnì 1.6 ló ní, ti ọdún 2006, wọ́n sì kó o wá láti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù gba èbúté Kùtọnu. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, valise ni ẹ̀rọ tí mẹkaníìkì fi ń ka kóòdù inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, sonde ni ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn nínú èéfín ọkọ̀, búùjì ni ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, kpayo sì ni pẹtiróòlù tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà tà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo máa ṣàlàyé STFT àti LTFT nísàlẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

“Ó ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí iná ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ti ń tàn. Mẹkaníìkì fi valise wò ó, ó rí kóòdù P0171, ó ní sonde ló kú. A pààrọ̀ sonde. Iná lọ, kò pẹ́ ó tún padà. A pààrọ̀ búùjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún padà. Ní báyìí wọ́n ní kpayo tí mò ń rà ló fà á, pé tí mi ò bá fẹ́ rí iná náà mọ́, àwọn lè bá mi yọ gílóòbù rẹ̀. Ọmọ mi ra ẹ̀rọ kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, mo sì kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́: STFT +6, LTFT +19. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé 2500 (ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan): STFT +1, LTFT +4. Láàárọ̀ ó máa ń gbọ̀n, tó bá gbóná tán ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ gbé e wá sí Àjàṣẹ́ fún ìnáwó ẹbí. Ṣé kí n gbé e wá?”

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá, ẹ sì kú ìmúra ìnáwó. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn níye lórí ju sonde àti búùjì tí ẹ rà lọ, torí àwọn ló sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí mo rí nínú wọn ni pé afẹ́fẹ́ kan ń wọ inú ẹ́ńjìnnì yín láti ibi tí kò yẹ kó gbà wọlé, lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Sonde kọ́. Kpayo náà kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ọ̀rọ̀ láti bá yín sọ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe rí i bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè bá mẹkaníìkì yín jókòó lé e lórí.

Kí pẹtiróòlù tó lè jó dáadáa, gíráàmù epo kan ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín ò lè rí inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fíltà afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń pè ní MAF, ló ń sọ fún un pé afẹ́fẹ́ báyìí ló ń wọlé. Kọ̀ǹpútà á ṣe ìṣirò, á sì ṣí ínjẹ́tọ̀ fún ìwọ̀n àkókò tó yẹ kí epo tó bá afẹ́fẹ́ náà mu lè jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jó tán, sonde tó wà lórí páìpù èéfín á wo ọ́síjìn tó ṣẹ́kù. Bí ọ́síjìn bá pọ̀, ìyẹn ni pé epo kéré. Iná mànàmáná tí sonde onírú àtijọ́ ń rán wá á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi fóòtì 0.1. Bí epo bá pọ̀jù, á gòkè lọ sí nǹkan bí 0.9. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń lo sonde oríṣi kejì tó ń sọ iye gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ohun tí sonde bá sọ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣàtúnṣe. STFT ni àtúnṣe ojú ẹsẹ̀, èyí tó ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. LTFT ni èyí tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ tó sì ti fi pamọ́. Bí ẹ bá rí +19, ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ń fi epo 19 nínú 100 kún èyí tí ìṣirò rẹ̀ sọ. Bí ó bá jẹ́ -19, ó ń yọ ọ́ kúrò. Nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ yá, méjèèjì pọ̀ kì í sábà kọjá 10 lókè tàbí nísàlẹ̀. Bí àfikún náà bá ń sún mọ́ 20 sí 25, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, kọ̀ǹpútà á tan iná, á sì kọ P0171 sílẹ̀: epo kéré sí afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, Bàbá, sonde ló sáré wá fẹjọ́ sùn. Ohun tí wọ́n ṣe ní gàráàjì dà bíi kí ẹnì kan sáré lọ sí ààfin Alákétu láti sọ pé olè ti wọ ọjà, kí wọ́n sì ti òun fúnra rẹ̀ mọ́lé. Ó ń dùn mí gan-an, torí mo ń rí i lójoojúmọ́: àwọn ènìyàn ń fi owó tí wọ́n fi làágùn wá ra sonde tí wọn ò nílò. Sonde tó bá ń kú lóòótọ́ sábà máa ń ní kóòdù tirẹ̀. P0135 ni ti wáyà tó ń mú un gbóná, P0133 ni ti èyí tó ti ń lọ́ra. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé sonde tó ti bàjẹ́ ń purọ́ pé epo kéré, ṣùgbọ́n irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdúró àti 2500. Tiyín mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó wà. Tíṣà ìṣirò ni yín, ẹ ó rí i kíá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé nígbà tí ọkọ̀ dúró, MAF rí gíráàmù afẹ́fẹ́ 3 tó kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ihò kan wà lẹ́yìn MAF, tí gíráàmù 0.75 ń gbà wọlé láìjẹ́ kí MAF mọ̀. 0.75 lórí 3 jẹ́ 25 nínú 100. Ẹ fi 6 kún 19, kí lẹ rí? Ní báyìí, ẹ tẹ asẹlirétọ̀ títí MAF yóò fi rí gíráàmù 15. Ihò náà kò fẹ̀ sí i, 0.75 náà ló ṣì ń wọlé, tàbí kó tiẹ̀ dín. 0.75 lórí 15 jẹ́ 5. Ẹ fi 1 kún 4. Àpẹẹrẹ ni gíráàmù tí mo lò o, mi ò wọn ti ọkọ̀ yín, ṣùgbọ́n bí ihò ṣe máa ń hùwà nìyẹn: ó pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí díẹ̀, ó ń pòórá bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí púpọ̀.

Ká ní pọ́ǹpù epo ló ti rẹ̀, tàbí fíltà epo ló dí, òdìkejì lẹ ò bá rí. Ní ìdúró, epo tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kò tó nǹkan, pọ́ǹpù tó rẹ̀ yóò sì kájú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù ni nọ́ńbà á máa gòkè, tí ọkọ̀ á máa fà sẹ́yìn. MAF tí eruku ti bò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pọ̀ ni irọ́ rẹ̀ ń pọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ò sì ní MAF rárá, ìfúnpá inú páìpù ni wọ́n ń wọ̀n. Nínú irú èyí, ihò kì í sábà mú P0171 wá. Ẹ́ńjìnnì á kàn máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ ní ìdúró. Bí mẹkaníìkì bá sọ fún yín pé irú rẹ̀ ni tiyín, ẹ padà kọ̀wé sí mi, ọ̀rọ̀ á yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí kpayo. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni kpayo ti wọ́n, àwọn ènìyàn sì ṣì ń rà á, pàápàá ní ẹkùn tiwa tó sún mọ́ bọ́dà báyìí. Mi ò ní bá yín jà nítorí ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á láìwò ó. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ gbé e sí ibi tí iná ò sí, kí ó dúró jẹ́ẹ́ fún bíi wákàtí kan. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á sùn sísàlẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà tó pín wọn. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun: pẹtiróòlù gidi á gbẹ, bébà á sì padà sí bó ṣe wà. Bí epo kẹrosínì bá ti wọ inú rẹ̀, àbààwọ́n olóròóró á ṣẹ́kù. Epo tó ní omi máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kọsẹ̀. Èyí tó ní kẹrosínì máa ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ kó-kó-kó nínú ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá gun òkè, á sì fi èédú bo búùjì. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ á dí fíltà. Kò sí èyí tó bá nọ́ńbà yín mu nínú gbogbo wọn. Ẹ béèrè búùjì àtijọ́ yín lọ́wọ́ mẹkaníìkì, kí ẹ wo imú wọn: bí wọ́n bá funfun, tí kò sí èédú, epo kéré ni wọ́n ń rí lóòótọ́.

Ó yá, níbo ni ihò wà? Ẹ wá a láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹ sọ pé ìgbà yẹn ló ń gbọ̀n, ìyẹn sì ní ìdí. Rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì máa ń súnkì bí òtútù bá mú wọn, ihò á fẹ̀. Bí wọ́n bá gbóná, wọ́n á wú, wọ́n á sì pa á dé díẹ̀. Ìdí kejì ni pé sonde ò tíì ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ó ní láti gbóná kọjá 300 dígíríì kí kọ̀ǹpútà tó gbọ́ tirẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ṣàtúnṣe fún ẹ́ńjìnnì lákòókò yẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni rọ́bà ńlá oníwẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó so àpótí fíltà afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ti tó ogún ọdún báyìí, rọ́bà yẹn á ti gbẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ojú ò dé ni ó sábà máa ń ya, láàárín wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ méjì, tí ẹni tó bá wò ó látòkè á sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ tú u kúrò pátápátá, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á bí ẹni fẹ́ nà án, ẹ yí i kiri níta nínú oòrùn. Ẹ wò ó dáadáa, torí bí ẹ́ńjìnnì bá mì díẹ̀ nígbà tí ẹ wọ jíà, ó ń ṣí ojú ibi tó ya sílẹ̀. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ibi náà á pa dé. Ẹ tún wo bóyá kílíìpù rẹ̀ le dáadáa. Nígbà mìíràn ẹni tó ṣí àpótí fíltà kò kàn dè é padà dáadáa ni.

Bí rọ́bà náà bá gbó tàbí ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ tókunbọ̀ tó dára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dí i. Èéfín sílíkónì ń pa sonde, sonde tuntun yín á sì bá a lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni páìpù rọ́bà kékeré tó ń fa èéfín ọ́ìlì padà sínú ẹ́ńjìnnì, èyí tó wà lábẹ́ tàbí lẹ́yìn orí ẹ́ńjìnnì. Òun àti fáàfù rẹ̀ máa ń rọ̀ bí èso tó ti rà, torí ọ́ìlì gbígbóná ń jẹ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wọ inú ọwọ́ yín, ó ti parí. Ẹ wo ìdérí ọ́ìlì àti ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn ọ́ìlì: bí wọn ò bá jókòó dáadáa, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀. Ti bọ́sítà bíréèkì, èyí tó ń bá ẹsẹ̀ yín tẹ bíréèkì, rọrùn láti mọ̀: nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ sì dì í mú. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà tàbí ẹ gbọ́ ṣíí-ṣíí lẹ́sẹ̀ yín, ibẹ̀ ni. Gásíkẹ́ẹ̀tì láàárín páìpù afẹ́fẹ́ àti orí ẹ́ńjìnnì ni ó kẹ́yìn, òun ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí náà ẹ má ṣí i tí ẹ kò tíì dá a lójú.

Láti dá a lójú, ẹ bu omi sínú ìgò tó ń fọ́n, ẹ fọ́n díẹ̀díẹ̀ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní ìdúró. Ibi tí ìró bá ti yí padà ni ihò wà. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkaníìkì wa ń lo pẹtiróòlù tàbí sípúréè afọ-kabúrétọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ó ń ṣiṣẹ́ kíá, ó sì ń jó ọkọ̀ àti ènìyàn. Bàbá, ẹ má gbà fún wọn. Omi tó. Ẹ máa jìnnà sí wáyà búùjì, kí aṣọ yín má sì sún mọ́ bẹ́líìtì.

Bí gbogbo ìyẹn ò bá mú nǹkan wá, ẹ wo ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ṣáájú sonde, àti ibi tí wọ́n dè sonde tuntun náà sí. Ibi kékeré tó bá ya níbẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ní ìdúró, sonde á rí ọ́síjìn yẹn, á rò pé epo kéré nígbà tí epo tó. Àmì rẹ̀ ni tàkì-tàkì-tàkì tí ẹ ń gbọ́ láàárọ̀ tó máa ń dákẹ́ bí irin bá gbóná.

Kí ẹ má bàa rò pé ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀ ni: ihò tó wà lẹ́yìn fíltà túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì yín ń mí afẹ́fẹ́ tí fíltà kò sẹ́. Ẹ mọ eruku pupa tó wà lọ́nà Ìlárá nígbà ọyẹ́. Yẹ̀pẹ̀ ni, ó sì ń gé ògiri sílíńdà bíi páálí tí káfíńtà fi ń dán igi. Ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ yẹ̀pẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, kò sì sí rọ́bà tí ẹ lè rà tí yóò tún ìyẹn ṣe.

Fún àwọn tó ń ka èyí tí tiwọn jẹ́ P0172, òdìkejì ni: epo pọ̀jù, nọ́ńbà á máa lọ sí òdì. Ẹ wo ínjẹ́tọ̀ tó ń jò, ìfúnpá epo tó pọ̀jù, fáàfù tó ń fa oru epo láti inú táńkì tí kò lè pa dé mọ́, àti sẹ́ńsọ̀ ooru omi tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tó ti gbóná. Ohun tó jọ èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀ níbí, torí àwọn ènìyàn ń yọ tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì gbóná tó, kúrò, wọ́n ní ojú ọjọ́ wa gbóná. Omi ò wá gbóná tó mọ́, kọ̀ǹpútà ń rò pé àárọ̀ ni ní gbogbo ìgbà, ó sì ń da epo.

Gílóòbù iná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ o. Iná yẹn nìkan ló lè sọ fún yín bí nǹkan tó burú ju èyí lọ bá ṣẹlẹ̀. Bí ó bá tàn tó dúró, ẹ lè máa lọ jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jó ń wọ inú páìpù èéfín, ó sì ń jó katalísọ̀, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́, run. Ẹ dín eré kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ wá ibi dúró. Ẹni tó bá sì ń lọ ra ọkọ̀ ní páàkì Kùtọnu, kó yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ẹ́ńjìnnì: iná náà gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá dìde. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ ọ́.

Ti ìrìn yín sí Àjàṣẹ́: ẹ lè gbé e wá, bí iná ò bá ti ṣẹ́jú. Lójú ọ̀nà láti Kétu gba Ìpóbẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́, ẹ́ńjìnnì ń mí púpọ̀, nọ́ńbà yín sì dára níbẹ̀. Ibi tí ẹ bá dúró nínú ọjà ni ó ti lè gbọ̀n, kó tilẹ̀ kú. Ẹ wo rọ́bà ńlá yẹn kí ẹ tó gbéra.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ má sáré yọ bátìrì láti pa iná. Kí ẹnikẹ́ni tó fi valise pa kóòdù rẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tí wọ́n ń pè ní freeze frame: ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti kọ eré, ooru omi àti ẹrù tó wà lórí ẹ́ńjìnnì lásìkò tí iná kọ́kọ́ tàn. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ó lọ nìyẹn, irú ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn: iná kú torí wọ́n pa á rẹ́, kì í ṣe torí sonde. Bí ihò bá ti dí, STFT ni yóò kọ́kọ́ yí: ẹ ó rí i tó ń lọ sí -15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìdúró, torí kọ̀ǹpútà ṣì ń fi 19 àtijọ́ kún epo. Ẹ má fòyà. Bí ẹ bá ṣe ń wakọ̀, LTFT á máa sọ̀ kalẹ̀ títí méjèèjì yóò fi sún mọ́ òdo. Iná á kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tí kò ní àbùkù.

Ẹ sì gba sonde àtijọ́ yín padà lọ́wọ́ wọn ní gàráàjì. Ó ṣeé ṣe kí ó ṣì dára, ẹ sì lè nílò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.